Bó Ṣe Yẹ Kó Dún Lẹ́nu

Aago mẹ́rin ìdájí. Brandon ṣì ń sùn.
Òjò dídì ti gun fèrèsé ilé ìdáná dé ìdajì
bí ẹni tó fẹ́ yọjú wo ohun tí mò ń ṣe.
Kí ni mò ń ṣe?
Èmi Àjàmú, tí n kò mọ ibi tí wọ́n ń kó ṣíbí sí
nílé bàbá mi ní Ìkìrun,
mo dúró níwájú ìyẹ̀fun bí ẹni dúró níwájú adájọ́.

Mopélọ́lá wà lẹ́nu iṣẹ́ òru,
ó ń yí àwọn arúgbó padà lórí ibùsùn kí ara má baà bó wọn.
Tó bá wọlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ á ti wú,
á ní, "Kò sí oúnjẹ tó wù mí."
Ó ti pé oṣù méjì tí mo ti ń gbọ́ ọ.

Wasyl ará ilé kejì ló gbé agolo náà fún mi.
Ìyàwó rẹ̀ kú nígbà ìkórè.
Ó ní, "Gbà á. Èmi ò mọ̀ ọ́n ṣe,
ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe yẹ kó dún lẹ́nu."
Ìwé pélébé kan ló wà nínú rẹ̀, bọ́tà ti mu ún,
àti ife kékeré tí obìnrin náà fi ń gé bísíkíìtì.

Mo rin wàràkàṣì, mo rin èékánná mọ́ ọn díẹ̀.
Mo fi ìka rún bọ́tà tútù mọ́ ìyẹ̀fun
títí ó fi dà bíi gaàrí tí kò kúnná.
Iyọ̀. Ata gígún, nítorí èmi ni mò ń ṣe é.
Ìwé ní kí n bu ewé kan sí i, ewé tí n kò lè pe orúkọ rẹ̀,
ilé ìtajà sì ti tì.
Mo wo ojú fèrèsé.
Efinrin Mopélọ́lá wà níbẹ̀ nínú ike bọ́tà òfìfo,
èyí tó ń fi aṣọ bò lálaalẹ́ bí ọmọ tuntun.
Mo já ewé mẹ́fà. Ó dùn mí.
Mo já ìkeje.

Bí a ti wù ká se ebòlò tó, kò ní ṣàì rùn ìgbẹ́.
Bí ọ̀bẹ ṣe kan efinrin, Ìkìrun dìde:
ẹ̀yìnkùlé tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà,
ìyá mi lẹ́nu ọ̀nà, tó ń pariwo
pé ta ló tún tẹ ewé òun mọ́lẹ̀.

Àwo àkọ́kọ́ jó. Mo jókòó díẹ̀, oorun jí mi gbé.
Agogo èéfín ké, Ìretíolú sáré wọlé pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ kan:
"Dádì, ṣé a ti fẹ́ kú ni?"
"Rárá o. Bísíkíìtì ni."
Ó gun àga, ó gba ife lọ́wọ́ mi, ó gé ìyókù.
Kò sí èyí tó rí róbótó níbẹ̀. Ó ní ẹsẹ̀ erin ni.

Wọ́n jáde ní àwọ̀ iyanrìn, ewé dúdú wínníwínní lára wọn.
Iná Wasyl ti tàn; arúgbó kì í sùn pẹ́.
A gbé mẹ́rin sọdá nínú òtútù tó ń bu ni létí jẹ.
Ó fi imú gbọ́ ọ. Ó gé e jẹ.
Ó dákẹ́, ó ń tẹ́tí sí eyín ara rẹ̀.
"Dídún rẹ̀ pé," ló wí. "Ṣùgbọ́n ta ni èyí tó wà nínú rẹ̀?"
Kò bi wá pé kí ni. Ta ni, ló wí.
"Efinrin," ọmọ mi dá a lóhùn.
"Efirini," ni Wasyl wí, "Efirini,"
ó sì mú ìkejì.

Aago méje kọjá díẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí.
Mopélọ́lá ò wo àwo, kò wo wa.
Fèrèsé ló kọ́kọ́ wò.
"Ta ló já efinrin mi?"
Èmi àti ọmọ ń wo ilẹ̀.
Ó ju ọ̀kan sẹ́nu. Gbogbo wa gbọ́ bó ṣe dún.
"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀," ló wí,
ó tún mú ẹsẹ̀ erin kan
láì tíì bọ́ kóòtù.