Bọ́ọ̀lù Tí Kò Balẹ̀

Sátidé, ìlú Derby, òjò wínníwínní,
òjò tí kì í rọ̀ kó pọ̀, tí kì í dá kó tán.
Mo bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì lẹ́yìn ọjà,
mo yà sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Wragg
tó ń ta owó àtijọ́, sítáǹpù, báàjì sójà,
tó gbójú wò mí láti òkè awò ojú rẹ̀
bí ẹni tó mọ̀ pé n kò bá ti owó àtijọ́ wá.

"Ọ̀kan dé," ló wí.

Káàdì kékeré, kò gùn ju àtàńpàkò mi lọ,
àwọ̀ rẹ̀ bí omi tíì tí wọ́n gbàgbé sórí tábìlì.
Inú páálí sìgá ló ti jáde lọ́dún 1887;
wọ́n fi í sí i kí páálí má baà tẹ̀, kí sìgá má baà dá.
Ẹni tó fa sìgá náà ti di èéfín.
Ilé iṣẹ́ tó wé e ti di èéfín.
Ohun tí wọ́n fi ti páálí lẹ́yìn ló ṣẹ́kù,
òun ni mo ka ọgọ́jọ pọ́n-ùn lé.

Ọkùnrin kan, irunmú rẹ̀ bo ètè.
Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, ó fẹ́ hán bọ́ọ̀lù.
Bọ́ọ̀lù wà lófuurufú.
Ṣùgbọ́n gbé e sún mọ́ iná,
fi díńgí tí ń sọ kékeré di ńlá wò ó:
òwú ni.
Òwú tín-ín-rín ló so ó rọ̀ láti àjà.
Kò sí pápá, kò sí èrò ìwòran,
yàrá oníyàwòrán ni; ọ̀dà ara aṣọ ni koríko.
Kámẹ́rà ayé ìgbà náà kì í yára,
ohun tó bá ń fò kì í bá a dọ́rẹ̀ẹ́.
Bó o bá fẹ́ kó yà ọ́ níbi tó o ti ń sáré,
àfi kó o dúró bí òkúta.
Mo rẹ́rìn-ín títí Wragg fi bá mi rín in.

Orúkọ rẹ̀ wà nísàlẹ̀ nígbà kan rí.
Ọmọdé kan fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé,
ẹlòmíràn fà á tu, orúkọ bá a lọ.
Ó ku lẹ́tà méjì: M, àti c kékeré.
Mc ta ni? Wragg kò mọ̀.

Ìbídùn aya mi ní:
"Eré bésíbọ́ọ̀lù tó ò gbá rí,
tí àwọn onílùú gan-an kò kà sí,
ará Amẹ́ríkà tó ti kú,
lo fowó gáàsì ra àwòrán rẹ̀."
Mo ní wọ́n gbá a rí ní Derby níbí,
pápá kan jẹ́ orúkọ eré náà
títí wọ́n fi wó o, tí wọ́n kọ́lé lé e.
Ó ní, "Ẹ̀hẹn. Gáàsì ńkọ́?"

N kò sọ fún un pé
ọdún tó ṣáájú àwòrán yìí ni ogun Kírìjì dákẹ́,
tí bàbá bàbá bàbá mi ti bùdó bọ̀ sí Ìrágbìjí,
ó ń tiro, ìbọn rẹ̀ ni ọ̀pá.
Ẹnikẹ́ni kò so òwú rọ̀ fún un.
Ẹnikẹ́ni kò ní: dúró bẹ́ẹ̀, má mí.
A mọ oríkì rẹ̀, a kò mọ ojú rẹ̀.
Eléyìí, ojú ló kù, orúkọ ti ya.

Mọ́kànlá ni wọ́n báyìí, nínú páálí bàtà,
lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, níbi tí ọ̀rinrin kò ti ní rí wọn.
Lálẹ́, bí mo bá ti gbé bọ́ọ̀sì ìkẹyìn dé gáréèjì,
tí mo délé, Mc ni mo máa ń kọ́kọ́ yọ.
Lọ́jọ́ kan, n kò mọ ohun tó ṣe mí,
mo bẹ̀rẹ̀ sí í kì í,
oríkì ará Ìrágbìjí, láti orí dé ìdí.
Kò kọ̀.
Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

"Ilé yìí mà tutù o!" Ìbídùn ké láti yàrá.
Mo wọ súwẹ́tà kejì.