Ìwé Tó Ń Yọjú

Nínú àpò ìrọ̀rí funfun ni Màmá Kókílà gbé e wá
láti Ìlúpéjú, lọ́jọ́ Ẹtì, kí òjò tó ṣú,
sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi ní Ṣómólú
níbi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ti ń kùn láti àárọ̀.
Ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà.
Kò sẹ́ni tó ń bọ́ bàtà wọ ṣọ́ọ̀bù wa,
ilẹ̀ wa, àjákù ìwé àti tàdáwà ni.

Ewé mọ́kànlélógójì.
Ó gùn bíi rúlà, kò sì ga ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Ilẹ̀ àwòrán rẹ̀ pupa bí osùn tútù,
wúrà ń kọ mànà lára aṣọ àwọn ènìyàn inú rẹ̀.
Òbìrí kékeré kan wà láàárín ewé kọ̀ọ̀kan.
"Ojú ihò nìyẹn," ni màmá wí.
"Nígbà tí ìwé ṣì jẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ, ibẹ̀ lokùn ń gbà.
Okùn ti lọ. Wọn ò gbàgbé ihò."

Mo wo ayaba tó sùn lórí ibùsùn,
àlá mẹ́rìnlá tò sókè orí rẹ̀:
erin funfun, kìnìún, òṣùpá tòun toòrùn,
ìkòkò tó kún, òkun wàrà,
èyí tó kẹ́yìn, iná tí kò ní èéfín.
Ẹ̀rín pa mí. Jẹnẹrétọ̀ wa ń húkọ́ dúdú lẹ́yìnkùlé.
Ọmọ tí obìnrin yìí yóò bí, ni màmá wí,
kò ní pa ohunkóhun tó ń mí.

Ojú wọn ni kò jẹ́ kí n lọ.
Ẹ̀gbẹ́ ni gbogbo wọn kọ sí wa,
ṣùgbọ́n ojú kejì kò gbà kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bo òun,
ó yọ síta pátápátá, sórí pupa,
bí ẹni tó ń yọjú lójú fèrèsé
wo àlejò tí kò tíì kan ìlẹ̀kùn.

Bàbá mi na ọwọ́ sí gọ́ọ̀mù.
"Kí ni wọ́n fi sè é?"
"Pátákò màlúù."
Màmá mi orí.
Bàbá ní kò burú, sítáàṣì ẹ̀gẹ́ ń bẹ.
Ó tún mi orí: ohun tí a bá wú nílẹ̀,
a wú àìmọye ẹ̀mí mọ́ ọn.
Bàbá mi, Sùbérù, ogójì ọdún nídìí ìwé dídì,
tó di Kùránì, tó di Bíbélì, tó di ìwé gbèsè,
wò mí. Èmi náà wò ó.
Mo ní, "Ògì ńkọ́?"
Ògì àgbàdo, tí a ń fi àkàrà mu láàárọ̀.
Ìgbà yẹn ni màmá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

Kòkòrò wà nínú ìwé náà.
Bàbá ti gbé oògùn apakòkòrò, màmá di agolo náà mú.
Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ ni mo fi gbọ̀n wọ́n, lọ́kọ̀ọ̀kan,
sínú agolo mílíìkì,
mo gbé wọn lọ sídìí igi fúrúùtù tó wà lẹ́bàá gọ́tà.
Àwọn ọmọ ẹ̀rọ ń pariwo:
"Wúlẹ̀mọ̀tù, ṣé o ń sìn wọ́n relé ọkọ ni?"

Ọjọ́ kọkànlá ló padà wá gbé e.
Ó ṣí ewé kan, ó ṣí òmíràn,
kò sọ̀rọ̀. Ó fi ewé náà kan iwájú orí.

Bàbá ṣì ń lo gọ́ọ̀mù pátákò.
Èmi ni mo ń po ògì ní kọ̀rọ̀
fún àwọn ìwé tí mo bá fẹ́ràn.
Àwọn èkúté náà fẹ́ràn wọn.