Òṣùpá Tó Ń Tẹ̀lé Aijamal

Ọmọ oṣù mẹ́fà ni ọ́
nígbà tí mo fi fìlà mi bo eegun ọrùn-ẹsẹ̀ àgùntàn
tí o fi ń ṣeré.
O wo fìlà, o wo ọwọ́ mi, o gbójú kúrò.
Ohun tí ojú ò rí mọ́, ó ti kú nìyẹn.
Mo ṣí fìlà, o bú sẹ́rìn-ín
bí ẹni tí òkú jí dìde níwájú rẹ̀.

Nígbà tí yìnyín yọ́ lórí òkè Náríìn,
mo tún bo eegun kan náà.
Lọ́tẹ̀ yìí, o já fìlà gbà mọ́ mi lọ́wọ́.
Ìyá rẹ ní, "Ẹ wo olè!"
Mo ní rárá,
ọmọ yìí ti mọ̀ pé ayé ń bẹ lẹ́yìn aṣọ.

O pé ọdún mẹ́rin. Orí ẹṣin la wà lóru,
o sọ ọ́ sí mi létí, jẹ́jẹ́, bí àṣírí,
pé òṣùpá ń tẹ̀lé wa.
Temirkul gba ọ̀nà odò ní tirẹ̀.
Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó búra pé òun ni òṣùpá sìn délé.
Díẹ̀ ló kù kí ẹ fa ara yín nírun tu.

Ti wàrà ẹṣin ńkọ́?
Abọ́ méjì, dọ́gbadọ́gba, ìwọ gan-an lo wọ̀n ọ́n.
Mo da ti Temirkul sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́,
o figbe ta: tirẹ̀ ti pọ̀ jù!
Mo dà á padà, o nu ojú.
Mo tún dà á sígò, ẹkún tún sọ.
Ìyá Àgbà ní kí n yé fi ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́.
Kì í ṣe yẹ̀yẹ́, ilẹ̀kùn kan ni mò ń ṣọ́.
Wọ́n ní ọwọ́ àgbàlagbà kì í wọ kèrègbè:
ọgbọ́n tó wà nínú ìgò yẹn,
n kò lè bá ọ fà á yọ.

N kò sì sí nílé lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí.
Mo lọ ta irun àgùntàn. Nígbà tí mo dé,
ìwọ lò ń bá àbúrò rẹ wí lẹ́nu ọ̀nà àgọ́:
"Wàrà ọ̀hún náà ni! Ta ló bù sí i? Ta ló bù kúrò?"
Mo bi ọ́ bóyá o rántí ẹkún tìẹ.
O ní, "Èmi kẹ̀? Èmi ò sunkún bẹ́ẹ̀ rí."

Ní báyìí, o ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá,
o jókòó ti iná, o ń fi igi tú eérú:
"Ká ní ẹṣin yín ò rọ lẹ́sẹ̀ lọ́dún yìnyín ńlá,
ẹ kì bá tí yà sílé àwọn Ìyá Àgbà.
Ká ní ẹ ò yà,
ta ni ì bá jókòó síbí máa da ìbéèrè bò yín?"
N kò ní fìlà tó lè bo èyí.

O tún ṣàlàyé òṣùpá fún mi, o yàwòrán sílẹ̀:
ó jìnnà ni, kì í tẹ̀lé ẹnikẹ́ni.
Òótọ́ ni. Mo gbà.
Lálẹ́ àná, èmi nìkan ń ti ọgbà àgùntàn bọ̀,
mo bojú wẹ̀yìn.
Má sọ fún Temirkul.