Ìkòkò Tí Kò Mọ Ẹlẹ́dẹ̀

Kérésì tó kọjá, mo gbé kéèkì fún Sìnótù.
Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á,
ó ní, "Ìyá Sẹ̀nàmí, Ọlọ́run á san án fún ọ,"
ó gbé e wọlé bí ẹni gbé ọmọ tuntun.
Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí ọmọ rẹ̀ kékeré tó tú àṣírí:
"Màmá mi gbé e sórí fìríìjì, wọ́n kàn ń wò ó ni.
Wọ́n ní ó ń rùn bí ọtí."

Ó ń rùn bí ọtí lóòótọ́.
Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àjàrà gbígbẹ inú rẹ̀ fi lúwẹ̀ẹ́ nínú ìgò ọkọ mi.
Sìnótù ò bi mí. Èmi náà ò bi ara mi.
Ojú tì mí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Ìtùnú Ààwẹ̀ ti wá kù sí dẹ̀dẹ̀.
Mo ro gúrúdì: eyín iwájú rẹ̀ kan ti ń mì.
Mo ro àádùn: òun ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pò ó,
ta ní í gbé omi lọ tà fún ará etí ọ̀sà?
Mo ro bísíkíìtì inú páànù pupa,
àmọ́ ohun tí owó rà, owó ló ṣe é.
Mo fẹ́ ohun tí apá á fi ro mí.

Àgbọn ni, nígbà náà.
Àgbádárìgì la wà, kí la tún ní tó àgbọn?
Márùn-ún, láti ẹ̀yìnkùlé bàbá mi ní Gbérefú,
ọkọ̀ ojú omi ló gbé wọn kọjá sí mi.
Ṣúgà, ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀ fínńfín;
mi ò fi bọ́tà tí n kò mọ ìyá rẹ̀ sí i.
Mo yí ìgò fànílà, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀:
ọtí wà nínú òun náà!
Ó padà sí kọ́bọ́ọ̀dù.

Mo gbé ìkòkò, ọwọ́ mi dúró lófuurufú.
Ìkòkò yìí.
Ẹlẹ́dẹ̀ méjìlá ni Hùnpè ń sìn ní Àjárá,
ìkòkò yìí la fi ń sè é láti ọdún tí mo wọlé ọkọ.
Mo fi eérú fọ̀ ọ́. Mo fi ọsàn fọ̀ ọ́. Mo tún un fọ̀.
Ìyá ọkọ mi ń wò mí látorí àpótí:
"Ṣé ìkòkò á sọ̀rọ̀ ni? Ta ni yóò sọ fún un?"
Mo ní, "Kò sẹ́ni tó máa sọ fún un, Màmá.
Ṣùgbọ́n bó bá ṣe ń jẹ ẹ́,
ẹnu tèmi ni yóò máa korò."

Mo bá wọ ọjà Àgbálátà.
Ìkòkò tuntun, orógùn tuntun.
Ẹ má sọ iye rẹ̀ fún Hùnpè.

Ọ̀sán gangan ni mo rò ó, mo ti fèrèsé,
mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn,
òórùn àgbọn ò kúkú mọ ààwẹ̀.
Sìnótù ké láti ìkọjá ògiri:
"Ìyá Sẹ̀nàmí! Ṣé o fẹ́ pa mí ni?"
"Oúnjẹ ajá ni mò ń sè!"
"Ajá wo? Ìgbà wo lo rajá?"

Ogójì ni mo gé, mo fi bébà wé wọn níkọ̀ọ̀kan.
Nírọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò gbójú sókè sí apá ọ̀sà.
Kùrukùru nìkan la rí.
Rédíò ní ọ̀la á pé ọgbọ̀n.
Mo ka ṣúkúṣúkú: mẹ́rìndínlógójì.
Sẹ̀nàmí ò lè wo ojú mi.
Hùnpè tọrọ ẹyọ kan, mo ní kó lọ bi oṣù.

Mo fọ ìkòkò tuntun, mo gbé e kọ́ ìṣó tirẹ̀,
lókè, níbi tí ọwọ́ ọkọ mi ò tó.
Mo tún kà á kí n tó sùn.
Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n.
Oṣù, jọ̀ọ́, yọ.