O Kú Àìsùn

Mo fi bírò pupa kọ ọ́ sínú ìwé:
ọjọ́ Àbámẹ́ta, aago mẹ́jọ alẹ́, ìpàdé ọmọ ilé wa,
ọ̀rọ̀ kànga tó gbẹ lẹ́yìn ilé ìwé.
Mo fi ránṣẹ́ sórí Wasaapu, mo lọ wẹ̀.
Mo rò pé aago mẹ́jọ kan ṣoṣo ló wà láyé,
èyí tó wà lára ògiri wa ní Kétu,
tí ọwọ́ gígùn rẹ̀ máa ń há síbi mẹ́sàn-án
àfi bí a bá gbá a létí.

Nígbà tí ojú pé sínú fóònù,
Bàbá Ọdúnlámì, alága, wúkọ́, ó ní, "Ẹ káalẹ́ o."
Básílì dáhùn láti Lomé pé aago méje ṣẹ̀ṣẹ̀ lù,
Lomé níbí, tí ọkọ̀ ń gbé wa dé kí ilẹ̀ tó ṣú!
Abíọ́nà wà ní Bàhíà, oòrùn aago mẹ́rin ń ta á lójú.
Pẹlají ní Mọńríà, ọ̀sán ni, ó ń jẹ búrẹ́dì níbi iṣẹ́.
Alága dákẹ́. Ó ṣí fìlà, ó tún un dé.
"Ẹ káàsán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ káalẹ́,
kí oníkálukú mú tirẹ̀ níbẹ̀."

Fágbèmí nìkan ni kò mú nǹkan kan.
Àwòrán rẹ̀ dúdú bí inú ìkòkò.
Ó ní "hẹn," ó ní "mo gbọ́," ó dákẹ́.
A ní owó Ṣáínà ti gùn ún lórí,
a ní omi inú ìgò ló ń mu, kí ló kàn án kan kànga.
Ìpàdé mẹ́ta la fi sọ ọ́.

Oṣù kọkànlá dé. Wọ́n dá aago padà nílùú Pẹlají,
wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún,
bí ẹni ń fa ìrọ̀rí sẹ́yìn kí oorun lè dùn.
Òun di aago mẹ́ta ọ̀sán tirẹ̀ mú ṣinṣin.
Ó wọlé, a ti ń ṣe àmín.
Ó bú wa. A bú u. Mẹ́gà tán sórí èébú.

Mo gbé ìwé mi lọ sẹ́bàá Àkábà Ìdènà.
Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yìí,
alẹ́ ti lẹ́ fún gbogbo ẹni tó wà nínú odi.
Ta ni yóò ti ilẹ̀kùn alẹ́ wa báyìí?
Mo ń ka ìka ọwọ́, mo ń ka ti ẹsẹ̀:
Lomé, yọ ọ̀kan. Bàhíà, yọ mẹ́rin.
Mọńríà, mẹ́fà báyìí, márùn-ún nígbà ooru wọn.
Ṣáínà, fi méje kún un.
Mẹ́jọ àti méje.
Mo tún un kà.
Aago mẹ́ta òru.
Àbámẹ́ta wa ti di àná rẹ̀.

Ẹni tó sùn là ń jí, àgbà ló wí;
ta ni yóò jí ẹni tí a kò jẹ́ kó sùn?
Mo pè é. Ó ní àwọn mẹ́rin ló ń sun yàrá kan,
òun kò lè tan iná, abẹ́ aṣọ lòun ti ń sọ "mo gbọ́."
Kí ló dé tí o kò wí?
Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ pọ̀.
Mo rò pé èmi ni mo gbé aago tèmi rìn jìnnà jù."

A sún un sí ọjọ́ Àìkú, aago kan ọ̀sán.
Oòrùn Kétu wà ní àtàrí, alága pàdánù oorun ọ̀sán, ó ń kùn.
Pẹlají jí ní méje nínú òtútù.
Kò rọ ẹnikẹ́ni lọ́rùn tán,
mo sì rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, Ìyá Fágbèmí gba fóònù lọ́wọ́ mi.
Iná tàn lẹ́yìn ọmọ rẹ̀. Ó ti rù díẹ̀.
Ìyá kò kí i káàsán, kò kí i káalẹ́.
Ó wò ó títí, ó ní,
"O kú àìsùn, ọmọ mi.
O kú àìsùn ìjọ́ mẹ́ta."