Rọ́bà Mẹ́ta Lórí Páálí

Ní Kulasekaram, níbi tí òjò ti ń jí ṣáájú àkùkọ,
igi rọ́bà tò gun òkè lọ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà,
olúkúlùkù so ìgbá àgbọn mọ́ àyà, ó ń sun wàrà sínú rẹ̀.
Ibẹ̀ ni nọ́ọ̀sì Pushpalatha ti gun alùpùpù bàbá rẹ̀ wá.
Kó tó yọ la ti gbọ́ ọ: gbì-gbì-gbì-gbì.
Adìyẹ Chellathai kọ́kọ́ sá, lẹ́yìn náà ajá.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ọ̀gá mi, Arulappan,
bí ẹni tí ọlọ́pàá fẹ́ dè:
"Wò ó. Ìka mi ò sí níbẹ̀ mọ́.
Wìnnìwìnnì ni, bí èèrà tó ń rìn lábẹ́ awọ.
Lánàá, mo wá iṣan ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta,
ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gún un kí n tó rí i.
Ìyá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan.
Ìyẹn gan-an ló dùn mí."

Èmi ni mo di tọ́ọ̀ṣì mú.
Arulappan ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì,
ó fa ohun dúdú kan yọ, ó gbẹ bí àkàrà àná,
epo ti jẹ ẹ́ dé ọkàn, ó rún sí i lọ́wọ́.
"Rọ́bà rèé! Irin ń lu irin,
ọwọ́ tìrẹ ló ń jẹgba."

Ó to mẹ́ta sórí páálí.

Àkọ́kọ́ rọ̀ bí etí ewúrẹ́.
Mo tẹ̀ ẹ́, èékánná mi rì.
"Èyí ni mo fẹ́," ni nọ́ọ̀sì wí.
"Gbogbo ẹni tí ọwọ́ ń dùn ló ń fẹ́ eléyìí.
Jẹ́ kó o fún un níná lórí òkè Pechiparai,
kí ẹ́ńjìnnì máa ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí ìjókòó rẹ̀,
kí ṣéènì bọ́, kí o fẹsẹ̀ rìn lọ gbẹ̀bí.
Màlúù tí okùn rẹ̀ dẹ̀, oko olóko ló ń jẹ."

Ìkejì le bí gìgísẹ̀ apẹja. Èékánná mi ló tẹ̀.
"Èyí á di ẹ́ńjìnnì mú títí ayé,
á sì kó gbogbo ìgbọ̀n rẹ̀ fún ọ láìyọ ẹyọ kan."

Ìkẹta, kò sọ nǹkan nípa rẹ̀.
Ó fi í sí i lọ́wọ́, ó ní, "Di ojú.
Wá a bó o ṣe ń wá iṣan."

Ó di ojú. Òjò ń kán lára páànù.
Àtàǹpàkò rẹ̀ rìn díẹ̀, ó dúró, ó tẹ̀,
ó tún tẹ̀.
"Ó gbà," ó wí pẹ̀lẹ́, "lẹ́yìn náà ó kọ̀.
Bí iṣan tó dára."

Nígbà tí Arulappan dá iye owó,
Chellathai, tó ti ń kọ igi láti aago mẹ́ta òru,
pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀:
"Wàrà tí mo gbé sílẹ̀ lówùúrọ̀ nìyẹn!
Ó wọ lọ́rí lọ funfun, kò gbà ju owó tíì lọ.
Ó padà dé, ó dúdú, kò mọ̀ mí mọ́."

A ò tètè dè é pinpin.
Ọ̀gá ní ká jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ sáré díẹ̀,
kó wá ibi tí ìdí rẹ̀ yóò gbà,
ká tó fi sípánà sọ fún un pé kó dúró síbẹ̀.
Dígí ṣì ń gbọ̀n tó bá sáré jù.
Nọ́ọ̀sì ní ká fi í sílẹ̀: bàbá òun ò wo ẹ̀yìn rí.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ibà gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.
Ó fi ìka méjì tẹ̀ mí lápá, ó dúró.
Mo di ojú, mo fún eyín pọ̀, mo ń retí.
"Dìde," ó wí. "Ó ti tán."