Ìka Ẹni Tó Ni Ín

Ọdún kan péré ni wọ́n ní kí n fi ìwé Ìlọrin wakọ̀ ní títì Ìlú Ọba.
Mi ò bá wọn jiyàn. Òfin ni òfin ń jẹ́.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọdún náà pé,
títì kan náà, ọwọ́ kan náà, ẹsẹ̀ kan náà lórí bíréèkì,
mo di ẹni tí kò wakọ̀ rí.
Wọ́n ní kí n lẹ pátákó funfun mọ́ ọkọ̀ níwájú, lẹ́yìn,
lẹ́tà pupa kan jókòó sí àárín rẹ̀ bí ojú egbò,
kí tọmọdé tàgbà mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ń bọ̀.
Ọmọkùnrin kan tí mo tó bí lọ́mọ
ń jẹ ṣingọ́ọ̀mù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ní:
"Màmá, ẹ rọra."

Èmi tí Múftàù onílọ́rì, bàbá mi, kọ́ ní ọkọ̀ wíwà ní ọ̀nà Afọ́n,
nínú Bẹ́dífọ́ọ̀dù tó ti ru ẹ̀pà láti Kánò, tó ti ru iṣu láti Bódè-Sáàdú;
tó gbé abọ́ wàrà lé iwájú gíláàsì, tomi-tomi,
tó ní: "Bí ẹ̀kán kan bá dà nínú omi yìí,
ẹsẹ̀ lo máa fi rìn délé l'Òkè-Àpómú."
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo fẹsẹ̀ rìn délé.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, a jẹ wàrà.

Mo tún ìdánwò ṣe fún wọn. Mo yege.
Àṣé bí mo ṣe ń gba tibẹ̀, tilé ti kú sínú dúrọ́ọ̀.
Mo ránṣẹ́ sí Yáqúbù àbúrò mi: bá mi tún un gbà, owó ń bọ̀.
Ó lọ, ó bọ̀, ó ní:
"Owó nìkan ò tó. Ìka ẹni tó ni ín ni wọ́n ń fẹ́.
Àǹtí, ṣé ẹ lè fi ìka ránṣẹ́?"

Ọkọ̀ òfuurufú ni mo fi gbé ìka mi wálé.
Ọ́fíìsì gbóná, fáànù ń yí bí ẹni tí wọn ò tíì sanwó oṣù fún.
Mo gbé àtàǹpàkò lé gíláàsì: ẹ̀rọ ní òun ò rí nǹkan kan.
Mo nù ún, mo tún gbé e lé e.
Òun ò rí nǹkan kan.
Ọ̀gbẹ́ni tó ń yàwòrán wo ọwọ́ mi títí:
"Irú iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe lọ́hùn-ún?"
Mo ní arúgbó ni mò ń tọ́jú.
Mò ń wẹ̀ wọ́n. Ìgbà ọgọ́ta ni mò ń fi oògùn apakòkòrò fọwọ́ lójúmọ́,
fún ọdún mẹ́sàn-án.
Bóyá inú báàfù àwọn ìyá oníyàá
ni ìlà ọwọ́ mi bá omi lọ,
mi ò mọ̀.

Bàbá dìde lórí bẹ́ńṣì.
Ojú rẹ̀ kan ti lọ, èkejì ń rí òjìji.
Ìwé ìwakọ̀ tirẹ̀ ṣì ń bẹ nínú àpò ẹ̀wù,
ó ti kú láti ọdún tí ojú ti ń dùn ún;
inú àwòrán ibẹ̀ nìkan ni irun rẹ̀ ti dúdú.
Ó di àtàǹpàkò mi mú, ó fi í ra iwájú orí ara rẹ̀,
níbi tí òógùn àti òróró ti ń dán,
lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì,
bí ẹni ń ṣá ìṣáná tó tutù.
"Gbé e lé e báyìí."
Iná aláwọ̀ ewé tàn.

Wọ́n fún mi ní pépà pélébé. Káàdì gangan,
wọ́n ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ.
Lọ́sẹ̀ mẹ́jọ, n ó ti padà sí ìdí báàfù.

Níta, oòrùn ń bó àwọ̀ títì.
Mo ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún: Bàbá ti jókòó síbẹ̀.
"Ọ̀hún ni tìẹ."
Mo yí lọ sí òsì.
A dé Pákátà, mo fẹ́ yà, mo fẹ́ taná,
ọwọ́ mi lọ síbi tó ti mọ́ ọn lára.
Wáípà dìde, ó ń nu gíláàsì gbígbẹ,
ọlọ́kadà kan bú mi kọjá.
Bàbá ò rí i. Ó tẹ́tí sí i, ó ń gbọ́ ọ:
"Múlíkátù,
ṣé òjò tọ̀hún ò tíì dá ni?"